Kẹ̀kẹ́ Freeride Olówó Pọ́ọ́kú fún Ẹni Tó Wúwo: Ẹ Fi Mẹ́ta Yìí Wéra Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ẹ bá wúwo tó 100 kg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ sì ń wá kẹ̀kẹ́ orí òkè tí ẹ ó máa fi fò, tí ẹ ó máa fi bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpáta (ohun tí wọ́n ń pè ní freeride nìyẹn), láìjẹ́ pé ẹ ná gbogbo owó ọwọ́ yín, nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ kà sí yín létí ni ìrìn ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn bó ṣe lè rì tó: 160 mm, 170 mm, 180 mm. Nọ́ńbà náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló máa sọ bóyá kẹ̀kẹ́ á gbé yín. Kẹ̀kẹ́ 180 mm wà tó máa ń kanlẹ̀ gbàgà lábẹ́ ẹni ńlá. Òmíràn ò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn rárá, ó sì ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìkérora.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ò farasin. Bí ẹni 70 kg àti ẹni 110 kg bá fò láti ibi gíga kan náà, agbára tí kẹ̀kẹ́ ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gbà mọ́ra nígbà tó bá balẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì ju ti ẹnì kìíní lọ. Ẹnì kìíní yẹn ni wọ́n sì máa ń rò nígbà tí wọ́n bá ń to ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wúwo ò fi lè ra kẹ̀kẹ́ bí àwọn yòókù ṣe ń rà á. Ibi tó yẹ kó wò yàtọ̀, ibi tó yẹ kó náwó sí náà yàtọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni hardtail tuntun, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé iwájú nìkan ló ti ní ṣọ́ọ̀kì. Èkejì ni kẹ̀kẹ́ tuntun tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni àlòkù kẹ̀kẹ́ downhill, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún sísọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tàbí ti freeride. Kẹ̀kẹ́ inú ilé ìtajà ńlá, èyí tí wọ́n so ṣọ́ọ̀kì mọ́ kó lè dùn ún wò, mi ò kà á mọ́ wọn. Ìwé tó bá irú rẹ̀ wá fúnra rẹ̀ sábà máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi fò.

## Ẹ ka ìwé kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀

Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó dáa ló ní ìwé kan tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún àti ìwọ̀n tó lè gbé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń lo ìlànà ASTM F2043 láti pín kẹ̀kẹ́ sí ìpele. Ìpele 3 jẹ́ ti ọ̀nà inú igbó, ibi tí ẹ bá ti fò sílẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ga ju 61 cm lọ. Ìpele 4 dé 122 cm. Ìpele 5 ni ti freeride, downhill àti àwọn tó ń fò gan-an. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń polówó bíi pé kò sóhun tí ò lè ṣe ló jẹ́ ìpele 4. Fún ẹni 70 kg tó mọ̀ ọ́n gùn, ìyẹn lè tó. Fún ẹni 115 kg tó ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ pẹ̀lẹ́, ìpele 5 ni kó máa wá.

Ìwọ̀n ẹrù ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ilé iṣẹ́ kan á kọ ìwọ̀n ẹni tó ń gùn ún nìkan, òmíràn á ka ẹni náà, kẹ̀kẹ́ àti gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ pọ̀. Trek, bí àpẹẹrẹ, kọ 136 kg fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àpapọ̀ ẹni, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù sì ni. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí: ká ní ìwé kọ àpapọ̀ 130 kg. Kẹ̀kẹ́ freeride olówó pọ́ọ́kú máa ń wúwo tó 17 kg. Àṣíborí, ìbòrúnkún, bàtà, omi àti àpò lè tó 6 kg. Ó ṣẹ́ ku 107 kg fún ẹ̀yin fúnra yín. Ẹni 112 kg tó rí 130 tó sì rò pé òun ṣì láyè dáadáa ti kọjá ààlà láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ọ̀pá ìjókòó àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè ní ìwọ̀n tiwọn lọ́tọ̀. Èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn ni ààlà yín.

## Hardtail: owó díẹ̀, irin gidi

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú hardtail fún ẹni tó wúwo ni pé owó tí wọn ò ná sórí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, oríkèé àti bíárìn, wọ́n lè ná an sórí fọ́ọ̀kì (ṣọ́ọ̀kì iwájú), bíréèkì àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó lágbára. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ó máa wá sípíríǹgì tó le fún káàkiri. Kò sí oríkèé tó máa tú. Àwọn bíi Kona Honzo ESD tí wọ́n fi irin ṣe, Ragley Mmmbop àti Dartmoor Hornet tí wọ́n fi alùmíníọ̀mù ṣe, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ṣùgbọ́n kí ẹ wádìí ìpele àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí èyí tí ẹ fẹ́ rà gan-an, nítorí hardtail míì wà tó dúró bí akọni lójú, tó sì jẹ́ ìpele 3 ni.

Wàhálà rẹ̀ wà lẹ́yìn. Gbogbo ohun tí ṣọ́ọ̀kì ì bá gbà mọ́ra, táyà, rímù, kókósẹ̀ àti orúnkún yín ló máa gbà á. Tí ilẹ̀ tí ẹ ń balẹ̀ sí bá dagun tó sì jọ̀lọ̀, ó máa dùn mọ́ yín. Tó bá jẹ́ gbòǹgbò igi àti òkúta láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, ó máa rẹ̀ yín kíákíá, rímù ẹ̀yìn á sì máa tẹ̀. Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ ni pé iwájú nìkan ló ń rì. Bí fọ́ọ̀kì bá rọ̀ jù lábẹ́ ẹni ńlá, ọrùn kẹ̀kẹ́ á dorí kodò nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí ibi tó dagun, ìyẹn gan-an ni ìgbà tí ẹ ò fẹ́ kó dorí kodò. Fọ́ọ̀kì tó le díẹ̀ sàn fún hardtail ju èyí tó rọ̀ lọ.

Ẹ má ṣe ra fúrémù dirt jump, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún fífò lórí òkìtì erùpẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ gun òkè. Ìjókòó rẹ̀ ti wálẹ̀ jù fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ lórí ìjókòó.

## Kẹ̀kẹ́ tuntun oníṣọ́ọ̀kì méjì: ibi tí ìṣirò ti wọlé

Èyí ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fà sí, òun náà ló sì rọrùn jù láti ṣì rà. Kẹ̀kẹ́ méjì lè ní ìrìn 170 mm lẹ́yìn, kí ọ̀kan gbé yín kí èkejì má lè gbé yín. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi ń rìn jìnnà ju ṣọ́ọ̀kì lọ, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní leverage ratio. Ẹ pín ìrìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sí ìrìn ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. 170 mm tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń rìn 65 mm jẹ́ 2.6. 170 mm tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń rìn 57.5 mm sún mọ́ 3. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ sí ni ara yín ṣe ń wúwo sí lórí ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni kan ṣe é. Ó jẹ́ 115 kg pẹ̀lú gbogbo ohun tó wọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ tó wà lẹ́yìn jẹ́ nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì rì 30 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá dúró lórí pẹ́dàlì. Lórí kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, sípíríǹgì nǹkan bí 560 lb (líle rẹ̀, ní pọ́n-ùn fún ínṣì kan) ló máa nílò. Lórí èkejì, ó máa nílò nǹkan bí 720 lb. Sípíríǹgì 550 rọrùn láti rí. Tí ẹ bá ti ń lọ ju 600 lọ, ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ tó o mọ́, àwọn ṣọ́ọ̀kì kan ò sì ní èyí tó bá wọn mu rárá. Bí ṣọ́ọ̀kì bá jẹ́ ti atẹ́gùn, ìṣòro kan náà ni, ojú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó pọ̀ jù tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì ń gbà wà láàárín 250 sí 350 psi. Lórí kẹ̀kẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ sún mọ́ 3, ẹni ńlá lè dé ibẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì tó gbé e dúró dáadáa.

Àbá mi nìyí: ẹ wá èyí tí kò ju 2.6 tàbí 2.7 lọ. Bí ìwé ìpolówó ò bá kọ ọ́, ìwọ̀n ṣọ́ọ̀kì máa ń wà níbẹ̀. Nínú 230 x 65, nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ìrìn rẹ̀. Ẹ fúnra yín lè pín in ní ìṣẹ́jú kan. Tí kẹ̀kẹ́ 180 mm bá ní ṣọ́ọ̀kì tó ń rìn 70 mm tàbí 75 mm, inú mi á dùn sí i fún yín ju kẹ̀kẹ́ 160 mm tó ní ṣọ́ọ̀kì kékeré lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Sípíríǹgì tó le tàbí atẹ́gùn tó pọ̀ máa ń fi agbára tó pọ̀ ti kẹ̀kẹ́ padà sókè. Epo inú ṣọ́ọ̀kì ló yẹ kó dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé, kódà tí ẹ bá yí ìdè pupa náà dé òpin, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á ṣì máa ju yín sókè bí ẹṣin tínú ń bí. Oníṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì lè tú u kó sì tò ó fún ìwọ̀n ara yín. Ẹ fi owó iṣẹ́ yẹn kún owó kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe àfikún ọlọ́rọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè balẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ní ti fọ́ọ̀kì, ẹ wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá méjì tó ń rì wọ inú rẹ̀, ṣe ki tó. Tó bá jẹ́ 32 mm, ẹ fi í sílẹ̀. 35 tàbí 36 mm ni ìbẹ̀rẹ̀, bíi Marzocchi Bomber Z1 tó jẹ́ 36 mm. 38 mm ló dára jù fún ẹni ńlá. Ọdún 2020 ni RockShox Zeb àti Fox 38 jáde, RockShox Domain tuntun sì wá mú ẹsẹ̀ 38 mm dé ọ̀dọ̀ àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n. Mo fẹ́ràn fọ́ọ̀kì atẹ́gùn níwájú fún ẹni tó wúwo, nítorí pọ́ńpù kékeré kan ló máa fi ṣe é bó ṣe fẹ́. Ti sípíríǹgì dùn lábẹ́ ọwọ́, àmọ́ ẹ rí i dájú pé sípíríǹgì tó le jù tí wọ́n ń tà fún un tó ìwọ̀n yín.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta kẹ̀kẹ́ tààrà fún oníbàárà, bíi Canyon, YT, Commencal àti Propain, sábà máa ń fi ohun èlò tó dára sí i sórí kẹ̀kẹ́ ní iye owó kan náà. Propain tún ń jẹ́ kí oníbàárà yan bíréèkì, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti ṣọ́ọ̀kì nígbà tó bá ń ra Spindrift, tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ 180 mm. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tó wúwo, nítorí kò ní ra ohun tó máa yọ dànù. Norco Shore náà, 180 mm pẹ̀lú ẹsẹ̀ 27.5 ínṣì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣe fún freeride ní pàtó. Nínú gbogbo wọn, fúrémù alùmíníọ̀mù ni kí ẹ mú. Owó tó fi kéré sí ti kábọ́ọ̀nù, ẹ ná an sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

## Àlòkù: agbára púpọ̀, ìbéèrè púpọ̀

Inú igbó North Shore lẹ́bàá Vancouver, ní Kánádà, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí freeride ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Àwọn kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ lé ìgbà yẹn, bíi Kona Stinky àti Specialized Big Hit, wúwo, irin wọn ki, wọ́n sì le. Èèyàn lè rò pé àwọn gan-an ló tọ́ sí ẹni ńlá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ 26 ni wọ́n ń lò. Àwọn Big Hit àkọ́kọ́ tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ 24 lẹ́yìn, táyà rẹ̀ sì ti di ohun tí à ń ṣọdẹ. Ọrùn wọn tóóró, fọ́ọ̀kì ìsinsìnyí ò wọ inú púpọ̀ nínú wọn. Lékè gbogbo rẹ̀, alùmíníọ̀mù kì í gbàgbé: gbogbo bíbalẹ̀ tó ti balẹ̀ rí ló wà lára rẹ̀.

Àlòkù tó tọ́ sí yín ni kẹ̀kẹ́ downhill tí kò tíì pẹ́ púpọ̀: nǹkan bí 200 mm níwájú àti lẹ́yìn, fọ́ọ̀kì olórí méjì (tó di ọrùn kẹ̀kẹ́ mú lókè àti nísàlẹ̀), bíréèkì ńlá, áàsì ẹ̀yìn 150 tàbí 157 mm. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fò ní Red Bull Rampage ní Utah, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ń gùn. Kò sí kẹ̀kẹ́ tuntun tó máa fún yín ní agbára tó tó bẹ́ẹ̀ ní iye owó yẹn. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé kò ṣeé fi gun òkè. Ibi tí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ bá ti lè gbé yín gòkè ló ti wúlò, tàbí kí ẹ máa tì í.

Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò lára fúrémù kí ẹ tó wò ó. Ẹ yẹ ibi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti pàdé ọrùn wò, lẹ́yìn náà ìdí ọ̀pá ìjókòó, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ fúrémù, àti apá ẹ̀yìn nítòsí oríkèé. Ilà tín-ín-rín nínú ọ̀dà lẹ́bàá ojú ìjórin lè jẹ́ ọ̀dà lásán, ó sì lè jẹ́ pé irin ti ń ya. Èmi ò ní rà á. Ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ mi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì, bíárìn ti jẹ nìyẹn. Ẹ tún rántí pé ìdánilójú ilé iṣẹ́ kì í sábà tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á ṣìkejì. Tí ó bá ya lọ́wọ́ yín, tiyín ni.

| | Hardtail tuntun | Oníṣọ́ọ̀kì méjì tuntun | Àlòkù downhill |
|---|---|---|---|
| Ohun tó fi dára fún ẹni tó wúwo | Kò ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí agbára rẹ̀ ò ní tó | Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní ìdánilójú | Ohun gbogbo lára rẹ̀ ki |
| Ohun tó sábà kọ́kọ́ bàjẹ́ | Rímù ẹ̀yìn | Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bíárìn | Ohun tó ti bàjẹ́ kí ẹ tó rà á |
| Ibi tí ẹ ó ti fi owó kún | Táyà àti fóòmù inú rẹ̀ | Ṣọ́ọ̀kì títò, dísìkì ńlá | Sípíríǹgì, epo fọ́ọ̀kì, bíárìn |
| Ẹni tí kò bá mu | Ẹni tí orúnkún tàbí ẹ̀yìn ń dùn | Ẹni tó kọjá ìwọ̀n inú ìwé | Ẹni tó fẹ́ máa wa kẹ̀kẹ́ gòkè |

## Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti bíréèkì, èyíkéyìí tí ẹ bá mú

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ilé iṣẹ́ ti máa ń dín owó kù jù. Sípóòkù 32 ni kó kéré jù, 36 sàn jù bí ẹ bá rí i. 28 kò tó fún ẹni tó lé ní 100 kg tó ń fò. Ẹsẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn tò, tí sípóòkù rẹ̀ fà dọ́gba, máa ń pẹ́ ju ti ẹ̀rọ lọ, kódà bí rímù rẹ̀ bá jẹ́ olówó kékeré. Táyà tó fẹ́lẹ́ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ láti ilé ìtajà, ẹ yọ ọ́. Ti Maxxis, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ DoubleDown tàbí DH sí lára dípò EXO. Ti Schwalbe, Super Gravity tàbí Super Downhill. Wọ́n wúwo, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ló ń gba rímù là. Fóòmù inú táyà ẹ̀yìn tún ń dáàbò bò ó sí i.

Ní ti bíréèkì, ẹ ronú nípa ooru. Kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó jẹ́ 135 kg pọ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè 300 m, ní agbára nǹkan bí 400 kJ láti pa. Àpapọ̀ 90 kg ní 265 kJ. Bíréèkì ló máa sọ ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ooru. Nítorí náà, bíréèkì onípísìtọ̀ọ̀nù mẹ́rin ni mo fọwọ́ sí, níwájú àti lẹ́yìn. Shimano Deore onímẹ́rin àti Magura MT5 ń ṣiṣẹ́ gan-an ní iye owó wọn. Dísìkì 203 mm ni ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kúrò lórí 180 lọ sí 203, agbára ìdádúró yín pọ̀ sí i ní nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún, láìyí ohun mìíràn padà ju dísìkì àti irin tó so bíréèkì mọ́ fúrémù. Bí fúrémù àti fọ́ọ̀kì bá gba 220, ẹ fi sí iwájú. Ẹ yí dísìkì tó wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wò dáadáa. Bí wọ́n bá tẹ "RESIN PAD ONLY" sí i lára, kò lè gba páàdì onírin, páàdì onírin sì ni ẹni tó wúwo nílò lórí òkè gígùn.

Jíà ò yẹ kó gba àkókò yín. Shimano Deore oníjíà 10, 11 tàbí 12, gbogbo wọn á gbé yín.

## Èwo wá ni ti yín?

Tí ẹ bá wà láàárín 100 sí 115 kg, tí ẹ fẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo fún ohun gbogbo, ẹ mú oníṣọ́ọ̀kì méjì tuntun, alùmíníọ̀mù, ìpele 5, tí nọ́ńbà ìpín rẹ̀ ò ju 2.7 lọ, kí ẹ sì fi owó ṣọ́ọ̀kì títò sílẹ̀ lọ́tọ̀. Tí owó yín ò bá tó ìyẹn, ẹ má ra oníṣọ́ọ̀kì méjì tí kò dáa. Hardtail tó dáa ju ìyẹn lọ fíìfíì, pàápàá tí ẹ ṣì ń kọ́ fífò, nítorí ó máa kọ́ yín láti fi ẹsẹ̀ yín balẹ̀ dípò kí ẹ máa gbára lé ṣọ́ọ̀kì.

Tí ẹ bá ti kọjá 120 kg, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú ti kọ̀ yín lórí ìwé. Ẹ má bínú sí ìwé náà, ẹ má sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, ẹ sọ ìwọ̀n yín gan-an, kí ẹ béèrè ìwọ̀n fúrémù, ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti ti ọ̀pá ìjókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà míì ẹ ó rí i pé fúrémù lè gbé yín, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kò lè gbé yín, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì ṣeé pààrọ̀. Tí fúrémù náà bá kọ̀, àlòkù downhill onísípíríǹgì tàbí hardtail onírin ló kù, kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti fọwọ́ sí ìwọ̀n yín pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gùn ún, ẹ gbé e padà fún oníṣẹ́ kó fa sípóòkù ẹ̀yìn dọ́gba, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń rọ̀ lábẹ́ ẹni ńlá. Kó tún fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára yẹ bóòtù gbogbo oríkèé wò ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ, kì í ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe le tó.